Ká A, Kí O sì Kà Á: Ẹgbẹ̀rún Ẹyẹ Bébà àti Òǹkà Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, n kò sì ní fi í sábẹ́ ahọ́n mọ́. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé òǹkà Yorùbá ti le jù fún ọmọ ayé òde òní. Wọ́n ní àròpọ̀ àti ìyọkúrò inú rẹ̀ ń da ọmọdé lọ́kàn rú. Wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà àti àwọn ọ̀mọ̀wé, kí àwọn ọmọ wa máa fi Gẹ̀ẹ́sì ka nǹkan lọ. Èmi kò gbà. Òǹkà wa kò le. Àìlò ni ó ń pa á. Ohun tí mo fi ṣe ẹ̀rí ni ẹgbẹ̀rún ẹyẹ bébà tí èmi àti àwọn ọmọ mẹ́wàá ká ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹyẹ bébà jẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Japan, wọ́n a máa mú bébà onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, wọn a sì máa ṣẹ́ ẹ, wọn a máa ká a, láìfi àlùmọ́gàjí gé e, láìfi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, títí yóò fi di ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn. Origami ni orúkọ iṣẹ́ ọnà náà. Tsuru ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà. Èmi a máa pè é ní agùfọ̀n fún àwọn ọmọ, nítorí pé agùfọ̀n ni a fi ń júwe ọrùn gígùn ní ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ náà ti pẹ́: ní ọdún 1797 ni wọ́n ti tẹ ìwé kan jáde ní Kyoto tí ó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń ká oríṣiríṣi ẹyẹ yìí. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ká ẹgbẹ̀rún, ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sín ẹgbẹ̀rún náà pọ̀ sórí okùn, senbazuru ni wọ́n ń pè é.

Ọmọdébìnrin kan, Sasaki Sadako, ni ó mú kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí Amẹ́ríkà ju àdó olóró sí Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Ní ọdún 1955, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ gbé e dè sí ilé ìwòsàn. Orí ibùsùn ni ó ti ń ká ẹyẹ; bébà tí wọ́n fi di oògùn pàápàá kò lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún náà, ní ọmọ ọdún 12. Àwọn ọmọ ilé ìwé dá owó jọ, wọ́n sì ṣí ère ìrántí àwọn ọmọdé ní Hiroshima ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1958. Lọ́dọọdún, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ẹyẹ bébà ni ó ń wọ ìlú náà láti ibi gbogbo láyé.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Ìlú Ọba ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá bí ẹni ń kọrin. Àwọn mélòó kan dé ogún. Lẹ́yìn ogún, Gẹ̀ẹ́sì ni. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ Ìsinmi: Bíbélì Yorùbá, ìwé orin Yorùbá, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ pe nọ́ńbà orin, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jáde lẹ́nu. Ẹ tẹ́tí sí wa nígbà tí a bá ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù: gbogbo ọ̀rọ̀ a jẹ́ Yorùbá títí a ó fi kan owó, ọjọ́ orí tàbí ọdún. Níbo ni ọmọ yóò ti gbọ́ ọ?

Mo wá pinnu pé a ó ká ẹgbẹ̀rún agùfọ̀n, a ó sì fi ránṣẹ́ sí Hiroshima. Òfin kan ṣoṣo ni mo gbé kalẹ̀: ẹyẹ tí a kò bá fi Yorùbá pe iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ okùn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ká mẹ́rin ní Sátidé kan; ọmọ mẹ́wàá, ogójì ẹyẹ. Okùn kan nìyẹn. Okùn 25 ni a nílò, Sátidé 25 ni a sì fi ṣe é.

Kò pẹ́ tí àríwísí fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní, “Tíṣà, ìwé kíkà ni a ní kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ yìí, ìwé kíká kọ́.” Ọ̀rọ̀ náà dùn, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo dáhùn pé, “Bàbá, ẹ ṣeun. Bí wọ́n ṣe ń ká a náà ni wọ́n ń kà á.” Wọn kò gbà. Ìyá ọmọ kan ní iṣẹ́ aláìríṣe ni, àkókò ni a ń fi ṣòfò. Ọwọ́ tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí ẹyẹ kan. Ẹyẹ mẹ́rin gba ogún ìṣẹ́jú nínú wákàtí méjì tí a ń lò. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ogún ìṣẹ́jú náà ṣe.

Mo ní kí a fi ogún ẹyẹ pupa bẹ̀rẹ̀ okùn kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ogún ẹyẹ funfun parí rẹ̀. Nígbà tí pupa dé mẹ́rìnlá, ọmọ tí ó kàn pe èyí tí ó tẹ̀ lé e ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan béèrè ìdí tí orúkọ náà fi yí padà. Mo ní kí ó wo iye pupa tí ó kù nílẹ̀. Ó wò ó: márùn-ún. Ó ní, “Áà, ogún ni ó ń wò!” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, a ń wo ẹ̀wá tí a ti kọjá. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, a ń wo ogún tí a ń lọ bá. Ọmọ náà kò ṣi mẹ́rìndínlógún pè mọ́ títí a fi parí.

Nígbà tí ẹyẹ mẹ́wàá wà lórí okùn kejì, ogún kẹta ṣẹ́ ku mẹ́wàá kí ó pé: àádọ́ta, èyíinì ni ọgọ́ta dín mẹ́wàá. Ojú ni wọ́n fi rí i. Okùn márùn-ún di igba. Okùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di igba mẹ́ta, òun ni ẹgbẹ̀ta. Nígbà tí okùn kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé, igba di márùn-ún, àwọn ọmọ fúnra wọn ni wọ́n sì sọ fún mi pé ìdí tí a fi ń pè é ní ẹgbẹ̀rún nìyẹn. N kò ya àtẹ kankan sójú pátákó. Ẹni tí ó bá ní òǹkà yìí le, ẹ bi í pé kí ni ó fi Yorùbá kà gbẹ̀yìn tí ó tó ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀sùn kejì ni pé àṣà àjèjì ni. “Kí ló kan Yorùbá nínú ẹyẹ Japan?” Ìbéèrè gidi ni, mo sì ní èsì gidi fún un. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ tí àwọn ará Japan ń gbà sín senbazuru ni okùn 25, tí okùn kọ̀ọ̀kan gbé ẹyẹ 40. Ẹ rántí bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ: 40 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, okùn 50 di ẹgbàá, èyíinì ni 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Senbazuru kan jẹ́ ààbọ̀ ẹgbàá gẹ́lẹ́! N kò sọ pé a bá wọn tan, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ẹnikejì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyá àgbà tí ó ń sín owó ní ọjà ayé àtijọ́ ì bá rí okùn agùfọ̀n wọ̀nyí, yóò mọ iye tí ó wà níbẹ̀ láìbèèrè. Àwa tí a ka ìwé ni a kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Owó ẹyọ náà ńkọ́? Ṣé etídò Èkó ni ó ti wá ni? Àwọn erékùṣù Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, kí àwọn oníṣòwò tó kó o dé ilẹ̀ wa. Ìkarahun àjèjì ni, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ẹnu ara wa kà á, ó di tiwa. Bí ìkarahun Maldives bá lè gbé òǹkà Yorùbá ró, bébà Japan náà lè gbé e. Ní ti àwọn tí wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni, ẹnikẹ́ni nínú wa kò foríbalẹ̀ fún bébà. Ìrántí ọmọ tí ogun pa ni.

Ẹ̀sùn kẹta ni ó mú ọgbọ́n dání jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ Japan díẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ará Japan fúnra wọn fi òǹkà ìbílẹ̀ wọn sílẹ̀. Òtítọ́ ni. Láti ọ̀kan dé mẹ́wàá ni òǹkà ìbílẹ̀ wọn ṣì lágbára. Lẹ́yìn ẹ̀wá, ti Ṣáínà tí wọ́n yá ni wọ́n ń lò, yàtọ̀ sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí hatachi, tí wọ́n fi ń pe ọmọ ogún ọdún. Sen tí ó wà nínú senbazuru pàápàá, ọ̀rọ̀ Ṣáínà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, “Ṣé wọ́n kú?” Rárá, wọn kò kú. Ṣùgbọ́n wọ́n yá ọ̀rọ̀, wọ́n pè é ní ohùn ara wọn, wọ́n fi ń ná ọjà, wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ wọn ní ìṣirò láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Àwa kò yá ohunkóhun. Ńṣe ni a ń já èdè wa jù sílẹ̀ láàárín gbólóhùn, tí a ń bọ́ sínú èdè ẹlòmíràn, tí a sì tún ń padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó yá aṣọ kò rìn níhòòhò. Ẹni tí ó bọ́ tirẹ̀ sọnù ni ìhòòhò ń bá.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra ẹyẹ tí wọ́n ti ká tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí owó bá ra ẹyẹ náà, ta ni yóò kà á? Nígbà tí Ààrẹ Barack Obama lọ sí Hiroshima ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2016, ẹyẹ mẹ́rin ni ó mú lọ, èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́. Mẹ́rin péré, iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ká ní Sátidé kan lọ́dọ̀ wa. Ibi kan ṣoṣo ni mo ti fara mọ́ àwọn alátakò: ẹni tí ìjì tàbí ogun bá lé kúrò nílé nílò omi, oúnjẹ àti owó, ẹ má fi ẹyẹ bébà dí i lọ́wọ́. Ní ọdún 2022, awuyewuye ṣẹlẹ̀ ní Japan lórí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ sí ilé aṣojú Ukraine, àwọn tí wọ́n bínú sì ní ẹjọ́ rò. Ṣùgbọ́n Hiroshima ti ṣètò gbígbà á, a sì máa sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tí ó ti pẹ́ di bébà tuntun.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé eré lásán ni kíka nǹkan, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọdún 1977, Eleanor Coerr kọ ìwé ìtàn kan fún àwọn ọmọdé nípa Sadako. Nínú ìwé náà, ẹyẹ 644 péré ni ọmọ náà ká kí ikú tó dé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n parí ìyókù. Òjìlélẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́rin! Iye yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sasaki Masahiro, àti ilé ohun ìrántí àlàáfíà ní Hiroshima sọ pé Sadako pé ẹgbẹ̀rún, ó sì kọjá rẹ̀. Ọmọ náà parí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì rí ìwòsàn. Ìtàn tí ó dín iye rẹ̀ kù gba iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ òkú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí bí ẹlòmíràn bá ń ka nǹkan ẹni fún ẹni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yé sọ pé òǹkà Yorùbá le. Ẹ wá nǹkan kà. Bí kì í bá ṣe ẹyẹ, kí ó jẹ́ àtẹ̀gùn ilé yín, ẹyin inú páálí, ojú ewé ìwé tí ẹ ń kà. Ẹ pe nọ́ńbà orin ní Yorùbá ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí àwọn èwe gbọ́. Àwọn ọmọ mẹ́wàá ní Peckham, tí wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta rí, ti ka ẹgbẹ̀rún láìfo ọ̀kan. Kí ni àwáwí tiwa?