Akọni Tí Ó Kú Sórí Ibùsùn

Àwọn àgbà ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú tí ó pa Mar-Vell, tí àwọn òǹkàwé ìwé aláwòrán Amẹ́ríkà mọ̀ sí Captain Marvel, kò tojú ogun wá. Jagunjagun ìran Kree ni, tí ilé-iṣẹ́ Marvel kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1967: amí ni wọ́n rán an wá ṣe sí ilé ayé wa yìí, àmọ́ nígbà tí ó mọ ìwà àwọn tí ó wá ṣọ́, ó yí padà, ó sì di odi fún wọn. Afò-bí-àṣá láàárín ìràwọ̀ ni, afìkúùkù-fọ́-àpáta, tí Thanos, ọ̀tá rẹ̀ tó lágbára, pàápàá kò rí gbé ṣe. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró tí ó fà símú níbi tí ó ti ń dènà rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni ó di jẹjẹrẹ sí i lára, ẹ̀gbà ọwọ́ tí ó ń fún un lágbára ni kò sì jẹ́ kí ìwòsàn ràn án. Ní 1982, Jim Starlin, ẹni tí jẹjẹrẹ ti pa bàbá tirẹ̀, kọ ìtàn ikú náà, ó sì fi hàn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ akọni ti yí ibùsùn rẹ̀ ká, tí ọ̀gágun ìran Skrull, ọ̀tá àtayébáyé ìran Kree, sì wá fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá. Orúkọ Captain Marvel kò parun, nítorí akọni obìnrin Carol Danvers ni ó ń jẹ́ ẹ láti 2012. Ní tèmi, ẹni tí ọ̀tá bá bu ọlá fún lọ́jọ́ ikú ni akọni tòótọ́.