Aṣọ Tí Ń Nà: Ẹ Má Fi Ojú Àńkárá Wò Ó

Ìwé mẹ́ta ni ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ìgbà tí a ti kọ ti ìṣáájú, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: báwo ni a ṣe ń gé aṣọ tí ń nà, irú èyí tí wọ́n fi ń rán síńgílẹ́ẹ̀tì àti jẹ́sì àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí àwọn ọmọ wa wá fẹ́ràn láti máa fi rán gáùn?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìyá ọkọ wa ni ó fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti Ọ̀fà, ọ̀pá mẹ́ta, pupa tí ó dára gan-an, pé kí a fi rán gáùn fún ọmọ wa obìnrin tí ó fẹ́ lọ gba ẹ̀bùn ní ilé ìwé. A tẹ́ ẹ bí a ti ń tẹ́ àńkárá, a ṣẹ́ ẹ po sí méjì, a jẹ́ kí ìyókù máa fì sílẹ̀ lára tábìlì, a sì gé e wàrà. Nígbà tí a rán an tán, kò gba ìdí ọmọ náà. A fi kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, apá ọ̀tún rẹ̀ ti gùn ju apá òsì lọ. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó ká a, ó gbé e sílẹ̀, ó sì wọ aṣọ rẹ̀ àtijọ́ lọ gba ẹ̀bùn. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá tẹ̀ wá láago pé kí a fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, fọ́tò wo?

Ti wa dára díẹ̀, nítorí aṣọ inú ilé ni. Àwọn mìíràn nínú wa wà ní Kakuri àti Makera tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ baálé wọn. Bí wọ́n bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, àpò ara wọn ni yóò san án.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọwọ́ wa pátápátá. Aṣọ tí ọwọ́ wa mọ̀ ni aṣọ Kakuri. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, wọ́n dá UNTL sílẹ̀ ní 1964, àwọn bàbá wa àti àwọn ọkọ wa sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ti ìṣáájú fi ti ilẹ̀kùn ní 2002 tí èkejì náà sì dáwọ́ dúró ní 2007. Aṣọ tí a fi òwú òró àti òwú ìbú hun ni wọ́n ń ṣe, bí ti òfì ní ilé. Òwú kan dá òwú kejì dúró, nítorí náà kì í nà. Aṣọ tí a ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú ni ó ń ká ara rẹ̀ bọ inú ara rẹ̀, bí fìlà òtútù tí ìyá àgbà fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun fún ọmọ tuntun. Ọ̀gbẹ́ni William Lee ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń hun irú rẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1589, ìbọ̀sẹ̀ ni ó sì ń fi í hun. Ojú òwú tí ó ká bí òrùka wọ̀nyí ni ó ń là tí a bá fà á, tí ó sì ń padà tí a bá fi sílẹ̀.

Pátánù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ lọ́gán, bí àwọn ọ̀gá wa ti kọ́ wa, ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀kì ti ń lọ ni aṣọ yìí ń bá a lọ. Pépà kì í nà. Pépà àpò sìmẹ́ǹtì tí a gbọn eruku rẹ̀ dànù dára. Ti ìwé ìròyìn náà dára, àfi pé tádà rẹ̀ lè ta sára aṣọ funfun. (Télọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Ebenezer Butterick, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pátánù oníwọ̀n-ọ̀nwọ̀n lórí pépà ní 1863. Àwọn ìyàwó ilé ni ó sọ ọ́ di olówó.)

Ẹ ṣẹ́ aṣọ náà po ní ìbú, ẹ sàmì sí ínṣì 4, kí ẹ rọra fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù. Bí ó bá dé ínṣì 5 tí kò fẹ́ lọ mọ́, nínà rẹ̀ kò pọ̀: ẹ jẹ́ kí pátánù ṣe déédéé àyà ẹni náà, tàbí kí ó fi ínṣì 1 jù ú. Bí ó bá dé 6, ẹ lè jẹ́ kí pátánù fi ínṣì 1 kéré sí ara. Èyí ni ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí ní ti àńkárá a máa ń fi ínṣì méjì tàbí mẹ́ta kún un kí ẹni náà lè mí. Ẹni tí ó kọ̀wé láti Barnawa béèrè bóyá òun lè lo pátánù gáùn àńkárá òun. Rárá o, àfi tí ẹ bá dín in kù. Ẹ ya odindi ara iwájú àti odindi ẹ̀yìn, kì í ṣe ìlàjì, kí ẹ sì fi ọfà kan tọ́ka sí òró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó ń nà jù ni kí ó yí ara po. Ibẹ̀ gan-an ni tiwa ti bàjẹ́, nítorí òró ni a fi yí ìdí ọmọ náà po.

Ẹ fọ aṣọ náà kí ẹ tó gé e, bí ẹ ó ti máa fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀ ọ́, nítorí èyí tí a fi òwú ṣe a máa súnkì. Ẹ má sá a sórí okùn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní mímọ́. Nínú ọyẹ́ Kaduna yìí kì í pẹ́ gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó sùn sórí tábìlì di ọjọ́ kejì, nítorí wọ́n ti fà á nígbà tí wọ́n ń ká a, ó sì fẹ́ padà sí ìwọ̀n ara rẹ̀.

Láti mọ ojú rẹ̀, ẹ fa etí tí a gé ní ìbú: ibi tí ó bá ká sí ni ojú. Bí tábìlì yín bá kéré, ilẹ̀ ni kí ẹ ti gé e, kí ohunkóhun má ṣe fì sílẹ̀. Dípò pínnì, ẹ fi nǹkan wúwo tẹ pátánù mọ́lẹ̀: irin ìlọṣọ tútù, ọmọ ọlọ, ìgò iyọ̀. Ọrùn gbogbo pátánù ni kí ó kọjú sí ibì kan náà, èyí yóò sì jẹ aṣọ díẹ̀ sí i, nítorí náà ẹ ra ìlàjì ọ̀pá kún un. Àlùmọ́gàjí gbọ́dọ̀ mú, kí ẹnu rẹ̀ ìsàlẹ̀ má sì kúrò lórí tábìlì. Kí ẹ sì má fi ẹnu rẹ̀ ta aṣọ láti sàmì sí i bí a ti máa ń ṣe, nítorí ojú òwú tí a bá já a máa sáré wálẹ̀ bí ti ìbọ̀sẹ̀ obìnrin. Ẹ jẹ́ kí àmì yọ síta, tàbí kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì.

Ti rírán rẹ̀ di ìgbà mìíràn. Kìkì pé kí ẹ béèrè abẹ́rẹ́ máṣíìnì tí ẹnu rẹ̀ rí roboto lọ́jà, nítorí èyí tí ó mú a máa lu aṣọ náà ní ihò.

A ra òmíràn nígbà tí ẹnìkan ń lọ sí Kantin Kwari ní Kano. Ọmọ náà ni ó ya pátánù, òun náà ni ó sì gé e. Omi ni a ń bù fún un. Fọ́tò ti dé Ọ̀fà. Pátánù náà wà lọ́wọ́ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ yà á kí ó mú pépà tirẹ̀ wá sí ìpàdé.