Gbèsè àti Ààlà



Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tí ẹbí wọn ń ti Ìmẹ̀kọ tàbí Ìdíròkò wá kí wọn, lè gbọ́ àdúrà Bàbá Wa ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà méjì. Níbi tí àwa ti ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, àwọn kan ń wí pé “trespasses”, àwọn mìíràn ń wí pé “debts”. Ṣé ọ̀kan náà ni? Rárá o.

“Debts” ni gbèsè. Òun ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 lò nínú Mátíù 6:12, gẹ́gẹ́ bí àdúrà náà ti wí “debita” ní Látìnì. “Trespasses” ni ríré ààlà kọjá, bí ẹni tí ó wọ oko olóko. Ìwé àdúrà Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1549 lò ó, àwọn Kátólíìkì tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sì ń lò ó títí di òní. Láti inú Faransé àtijọ́ ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má ṣe fi “trépasser” ti òde òní túmọ̀ rẹ̀, nítorí ìyẹn ti di kíkú!

Èwo ni ó tọ̀nà? Jésù lo èrò méjèèjì. Gbèsè ni ó wà nínú àdúrà náà ní Mátíù. Ní ẹsẹ 14, kété lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní “trespasses” ni ó tẹ̀ lé e.

Kí ni èyí kàn wá nínú ilé? Ẹni tí kò jalè, tí kò bú ẹnikẹ́ni, a máa rò pé ọwọ́ òun mọ́. Ṣùgbọ́n baba tí kò fún ìyàwó lówó oúnjẹ ńkọ́? Ọmọ tí kì í bẹ ìyá rẹ̀ arúgbó wò ńkọ́? Ẹni tí kò san owó alágbàṣe ńkọ́? Wọn kò wọ oko olóko, síbẹ̀ wọ́n jẹ gbèsè. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́wọ́ nínú Mísà ohun tí a ṣe àti ohun tí ó yẹ kí á ṣe tí a kò ṣe.

Àwọn kan náà jẹ wá. Kí á rántí ìránṣẹ́ inú Mátíù 18: a fi gbèsè tálẹ́ńtì 10,000 jì í, ó sì fún ẹnìkejì rẹ̀ lọ́rùn nítorí dínárì 100.

Lálẹ́ òní, kí á tó kúnlẹ̀ gbàdúrà nínú ilé, kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ pé: Ààlà ta ni mo ré kọjá? Kí ni mo jẹ ará ilé mi tí n kò tíì san?