Ilé Wo Ni Ká Rà sí Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin Wa?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ ilé fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Kì í ṣe ilé gidi o. Àwa mélòó kan là ń to ojú irin kékeré sórí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́jọ: ọ̀nà rélùwéè tó gba Mushin lọ sí Oshodi, níbi tó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlúpéjú tí wọ́n ti bí púpọ̀ nínú wa. A ti ra ọkọ̀ àti irin. Ilé ló kù, owó ọwọ́ wa kò sì lè ra ju ilé alátòpọ̀ méjì lọ, irú èyí tí Faller ní Jámánì ń tà ní wẹ́wẹ́ kí olùrà lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn kan ní ká ra ibùdókọ̀, nítorí ó rẹwà, ó sì ní aago lórí. Àwa kò fara mọ́ ọn. Òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí yìnyín lè yọ̀ wálẹ̀, ihò èéfín sì wà lórí rẹ̀. Ta ló ń yáná nínú yàrá ní Ìlúpéjú? Bí a tilẹ̀ kọ "Mushin" sí i lára gàdàgbà, ẹni tó bá ti wọ Red Line tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì ọdún 2024 yóò kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ilé iṣẹ́ ni ká rà. Ògiri gbọọrọ, òrùlé onípáànù, ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ ẹrù lè gbà: bó ṣe rí ní Manchester náà ló rí ní Industrial Avenue. Àmọ́ ìwọ̀n HO là ń lò, ìyẹn ìdá kan nínú 87. Ilé iṣẹ́ tó gùn ní mítà 60 yóò gba sẹ̀ǹtímítà 69 lórí tábìlì wa! Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká tò ó tán. Ká ya ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn sọ́tọ̀, ká fi méjèèjì ti etí tábìlì. Ilé kan ti di méjì nìyẹn. Ọ̀kan yóò jẹ́ Academy Press, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ èdè wo ló máa tún Ìlúpéjú tò tí yóò gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé?

Ìyókù, àwa la máa fi páálí ṣe é: ilé alájà kan tí páànù rẹ̀ ti dípatà, ògiri búlọ́ọ̀kù, agboòrùn oní-POS. Kò sẹ́ni tó ń ta ìyẹn. Ọ̀kan nínú wa ní yóò rí wúruwùru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a rà. Òótọ́ ni. Ṣé Ìlúpéjú fúnra rẹ̀ ń dán ni?

Lọ́jọ́ Ẹtì la máa dìbò. Ẹni tó bá ní páálí bàtà nílé, kó jọ̀ọ́ bá wa mú un dání.