Ohun Tí Ń Bọ̀ Kì í Ṣe Ọ̀kan Náà: Àkíyèsí Láti Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ọ̀kan lára ohun tí ó ń dààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀ ni bí a ṣe ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní "upcoming", "expected", "due" àti "imminent". "Tí ó ń bọ̀" ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀, wọn a sì wá sọ pé ọ̀rọ̀ ni kò tó nínú èdè Yorùbá. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a wo èbúté Àpápá, níbi tí ìrètí ọkọ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́. Ọkọ̀ "expected" ni èyí tí a ń retí; ó lè dé, ó sì lè má dé. Ti "due", a ti dá ọjọ́ fún un. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ó ti pẹ́ nìyẹn. Ti "imminent" kù sí dẹ̀dẹ̀. "Upcoming" nìkan ni "tí ó ń bọ̀" bá mu wẹ́kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀" kò sọ ìgbà, ṣùgbọ́n "ọkọ̀ fẹ́ gúnlẹ̀" fi hàn pé ó ti dé tòsí. Oníṣòwò tí a bá túmọ̀ ìwé fún láìbìkítà lè háyà tírélà ṣáájú àsìkò, kí owó rẹ̀ sì wọgbó.

"Ń bọ̀" pàápàá ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá ní Ajégúnlẹ̀ lè kẹ́yìn sí ọ kí ó ní, "Mò ń bọ̀." Lílọ ni ó ń lọ, ìpadàbọ̀ ni ó ń ṣèlérí. Bí ó bá sọ ọ́ ní "I'm coming", ó lè rú Gẹ̀ẹ́sì lójú.

Ẹ tún wo orúkọ àdúgbò náà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni "gúnlẹ̀". A fi ṣàpèjúwe ajé bí ohun tí ó ti dé èbúté. A kò pè é ní Ajéńbọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ayélujára pe tírélà wọ èbúté Àpápá ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, "Ètò" ni wọ́n sọ ìlànà náà. Ọ̀rọ̀ wa kò kéré sí iṣẹ́ òde òní.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì kí ó tó túmọ̀: báwo ni ohun náà ti súnmọ́ tó? Báwo ni ó ti dájú tó? Ìdáhùn méjèèjì ni yóò yan ọ̀rọ̀ fún un. Èdè wa kò tálákà. Àwa ni a kì í wo inú àpò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.