Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Kò Tọrọ Ẹ̀rọ Amúlétutù

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n owó yín ló dá lé. Ẹ ó rántí pé lọ́jọ́ ìdáwó tó kọjá, kọ̀ǹpútà wa dákẹ́ lójijì nígbà tí èrò ṣì tò sílẹ̀. Àwọn tó ti Ìlọrà wá dúró títí, àwọn ìyá ọlọ́sàn Fìdítì ń wo oòrùn, ni a bá padà sídìí ìwé ńlá wa. Kọ́bọ̀ kan ò sọnù. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń sọ pé àfi kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù sí ọ́fíìsì.

Àwa ò fara mọ́ ọn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà wa kò ní fáànù nínú. Èyí kì í ṣe àbùkù. Irú rẹ̀ pọ̀. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ìlú Òyìnbó ní 2012, kò ní fáànù nígbà tó jáde. MacBook Air tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní ìparí 2020 náà kò ní. Fáànù a máa fa eruku wọlé, a sì máa bàjẹ́. Èyí tí kò ní fáànù kì í pariwo, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń gbé lé ibi tó ń gbóná nínú rẹ̀. Ooru á gba inú irin náà jáde, atẹ́gùn ìta á sì gbé e lọ. Bí atẹ́gùn ò bá ráyè, ooru ò rílé lọ nìyẹn. Tí inú Raspberry Pi bá gbóná tó ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó máa ń dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. Òmíràn á kúkú pa ara rẹ̀. Nítorí náà, tiwa kò ṣàìsàn. Ó ń gbèjà ara rẹ̀ ni.

Ta ló wá jẹ̀bi? Àwa ni. Nítorí olè, a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Nítorí eruku, a ta aṣọ bò ó. A tún gbé e lé orí sitebiláísà tó ń gbóná fúnra rẹ̀. A sá fún olè, a bọ́ sọ́wọ́ ooru.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọsàn, ṣé ẹ ó di ọsàn sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó lẹ́nu pa, kí ẹ wá gbé e sábẹ́ páànù? Ẹ ò jẹ́ ṣe é. Ẹ sì wo àgò adìyẹ: àṣá ò lè wọlé, síbẹ̀ atẹ́gùn ń wọlé fàlàlà. Irú àgò bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà wa nílò. Kí wẹ́dà fi irin àti wáyà oníhò ṣe é, kí a dè é mọ́ ògiri, kí a fi àgádágodo sí i. Olè ò ní rí i gbé, ooru náà á sì rọ́nà lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò ná wa ní nǹkan kan. Kí a gba gígékù pákó mẹ́rin lọ́wọ́ káfíńtà, kí a fi gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n ìka méjì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè, tútù á gba abẹ́ wọlé. Kí a gbé e kúrò lẹ́bàá ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń nà, nítorí bí yàrá bá ṣe gbóná tó, orí ìyẹn ni ooru kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á tún gùn. Bí yàrá bá fi ìwọ̀n 5 tutù sí i, inú rẹ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 5 tutù sí i. Níwọ̀n ìgbà tí ara tiwa jẹ́ irin, a lè gbé ìkòkò alumíníọ̀mù onídìí pẹrẹsẹ lé e, èyí tó mọ́ tó sì gbẹ, kó bá a fa ooru jáde. Lásìkò ọyẹ́, kí a máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku rẹ̀. Kí a sì máa ṣe ìṣirò tó bá pọ̀ láàárọ̀ kùtù.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi aṣọ tútù tàbí yìnyín sí i. Òótọ́ ni pé àmù ń mú omi tutù, nítorí omi tó ń yọ lára amọ̀ ń gbé ooru lọ. Ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, lò nígbà tó ki ìkòkò bọ inú ìkòkò tó sì fi iyanrìn tútù sáàárín wọn kí ẹ̀fọ́ àti ìkàn àwọn àgbẹ̀ má baà tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní 2000. Ọgbọ́n gidi ni fún aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Bí ìgò tútù ṣe ń làágùn, bẹ́ẹ̀ ni yìnyín ṣe lè mú kọ̀ǹpútà làágùn, òógùn yẹn á sì wọ inú rẹ̀.

Ẹ wá ṣírò ẹ̀rọ amúlétutù wò. Kékeré inú rẹ̀ lè jẹ iná tó wáàtì 700 sí 900, kọ̀ǹpútà irú tiwa kì í sábà ju 15 lọ. Bí iná ìjọba bá lọ, ṣé epo jẹnẹrétọ̀ la ó máa rà láti fi tu àpótí kan lára? Owó tí a ó fi rà á, owó ẹ̀yáwó ni. Ó lè di ọjà lọ́wọ́ ìyá kan ní Fìdítì tàbí àgbẹ̀ kan ní Ìlọrà, kó sì padà wọ àpò ẹgbẹ́ pẹ̀lú èlé.

Ohun tí a ó gbé síwájú ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí: kí a ṣe àgò náà, kí a sì dán an wò títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi tán. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àwa la ó kọ́kọ́ nawọ́ pé kí a ra fáànù kékeré kan. Ìwé ńlá wa ò ní kúrò lórí tábìlì, a ó sì máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wá, kí ẹ sọ tẹnu yín. Owó gbogbo wa ni.