Kọ́bọ́ọ̀dù fún Òkúta tí ó ti jẹ́ Ẹran Rí

Ní oṣù tí ó kọjá ni mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ àwọn òkúta Ewékorò tí ó wà ní ilé ìwé wa ní Awo níhìn-ín, láti ìgbà náà ni lẹ́tà sì ti ń tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ti olùkọ́ kan ní agbègbè Ṣàgámù ni ó wọ̀ mí lára jù. Ó ní àpò sìmẹ́ńtì kan tí ó kún fún irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, ìyàwó òun sì ti ní kí òun yan ọ̀kan nínú méjì: kí àpò náà jáde kúrò nínú yàrá, tàbí kí òun àti àpò jọ jáde. Ó fẹ́ kí n sọ bí a ti ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fún wọn. N ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo bàjẹ́, nítorí ẹni tí yóò gba ìmọ̀ràn mi yẹ kí ó mọ iye tí mo rà á.

Fún ẹni tí kò ka ti oṣù tí ó kọjá, òkúta tí mo ń wí kì í ṣe òkúta lásán. Ìṣáwùrú, akàn àti ẹja ni wọ́n ti jẹ́ rí. Wọ́n kú sínú òkun, ẹrẹ̀ bò wọ́n, ẹrẹ̀ náà di òkúta, àwọn náà sì bá a di òkúta. Fọ́sìlì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè wọ́n. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, níbi tí iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ìsàlẹ̀ òkun ni ó wà ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá irú rẹ̀ kiri ní Awo tàbí ní Ẹdẹ, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣòfò ni. Òkúta tiwa, èyí tí ẹ ń rí ní oko àti ní etí odò, ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ti sè é, ó sì ti rò ó pọ̀ bí ẹni ro àmàlà. Bí ohun abẹ̀mí kan bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ rí, àmì rẹ̀ ti parẹ́.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni tiwa ti wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá fi wa ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó òkúta, kò sì sí ọjọ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ tí kì í wo ilẹ̀. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó padà wá sí Awo, ó kó 41 lé mi lọ́wọ́. Ìwé pélébé wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: ìhà wo nínú kòtò ni ó ti rí i, bí ó ti jìn tó láti òkè, àti ọjọ́ tí ó rí i. Bàbá kò ju ìwé mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí ó ní oyè tí kò lè kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo wá kọ́bọ́ọ̀dù ògbólógbòó kan, mo gbé e sí igun yàrá, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, ìdí rẹ̀ jókòó sí ilẹ̀. Mo fi sítáàṣì tí mo fi iná sè lẹ àwọn ìwé Bàbá mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kí wọ́n lè dúró dáadáa. A gba ìsinmi gígùn, òjò ń rọ̀, èmi náà gba oko lọ. Nígbà tí mo ṣí i ní oṣù Kẹsàn-án, ikán ti gba ìdí kọ́bọ́ọ̀dù gòkè, ó ti jẹ pákó, ó ti jẹ sítáàṣì, ó sì ti jẹ gbogbo ìwé náà pátá. Òkúta 41 wà níbẹ̀ láìpé ẹnì kan fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò ní orúkọ mọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní, ṣé òkúta kò ṣì wà níbẹ̀? Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀ràn àbùùbùtán Ameki. Ní 1920 ni ọ̀gbẹ́ni C. W. Andrews ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé nípa egungun àbùùbùtán àtijọ́ kan tí a rí ní Ameki, ní ilẹ̀ Ìgbò, ó sì fi orúkọ Lugard sọ ọ́: Pappocetus lugardi. Egungun náà wà ní ilé àkójọ nǹkan àdáyébá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dùn mí pé ọ̀hún ni ó wà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n a kọ orúkọ Ameki tì í, a sì fún un ní nọ́ńbà, nítorí náà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, ọmọ Nàìjíríà lè sọ pé òkun ti dé ibí yìí rí, ẹ wo ẹ̀rí. Bí ikán bá jẹ ìwé ìdí rẹ̀, egungun lásán ni. Mo tọ Bàbá lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Kò bá mi wí. Ó ní kí n máa gbé wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ti ṣú díẹ̀, ọwọ́ ni ó fi ń wò wọ́n. Ó rántí 23. Ó ku 18.

Ibẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni igi. Ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fún omi rẹ̀ sí orí òkúta ẹfun tí ẹ ti ha díẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò máa hó. Kíkan ọsàn ni ó ń jẹ ẹ́. Mo ti máa ń ṣe èyí fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé igi náà ní kíkan tirẹ̀. Ooru kan ń ti ara pákó jáde díẹ̀díẹ̀, irú kíkan kan náà tí ó wà nínú ọtí kíkan. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá sé pa, ooru náà kò rí ọ̀nà jáde, yóò máa jẹ ìkarahun tí ó wà nínú rẹ̀, ohun funfun bí iyọ̀ yóò sì máa hù lára rẹ̀. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Byne kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1899, ó rò pé kòkòrò àìfojúrí ni ó fà á. Ó ṣì í mọ̀, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àrùn náà títí di òní.

Igi óákù àwọn òyìnbó ni ó burú jù, tíìkì sì ń tẹ̀ lé e. Inú mi dùn láti sọ fún yín pé ìrókò, ọ̀gànwó àti arère wà lára àwọn tí kíkan wọn kéré. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kòkòrò a máa lù ú di ìyẹ̀fun, nítorí náà ìrókò ni mo yàn fún ara kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì fi ọ̀gànwó ṣe ojú àwọn dúrọ́ọ̀. Pákó alẹ̀pọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, tí ó kún ọjà báyìí, ẹ yẹra fún un. Gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ń mí. Kí igi gbẹ dáadáa kí ẹ tó kàn án, bí ẹ bá sì kun ún tán, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i.

Ọ̀dọ̀ àgbà káfíńtà kan ní àdúgbò wa ni mo lọ. Mo ní kí ó kan kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 3, kí dúrọ́ọ̀ 10 wà nínú rẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà, ṣé owó ni o fẹ́ kó sínú rẹ̀ ni, tàbí aṣọ?”

Mo ní, “Òkúta ni, Bàbá.”

Ó gbé ayùn sílẹ̀. “Òkúta? Irú èyí tí ń bẹ níta yìí?”

Mo ti mú ọ̀kan sínú àpò. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtàńpàkò pa á lójú. Ó ní, “Ẹsẹ̀ akàn ni èyí.” Kò tún béèrè ohunkóhun mọ́. Òun ni ó sọ fún mi pé ìṣó nìkan kò ní gbé òkúta, pé òun yóò gé etí àwọn pákó kí wọ́n wọnú ara wọn, àti pé ìrókò ni kí igi tí dúrọ́ọ̀ ń gun wọlé jẹ́. Èmi ni mo ní kí gbogbo dúrọ́ọ̀ fẹ̀ bákan náà, kí èyíkéyìí lè wọ ihò èyíkéyìí, nítorí àkójọ a máa pọ̀ sí i. Méje jìn ní ínǹṣì 2, mẹ́ta ìsàlẹ̀ jìn ní ínǹṣì 4 fún àwọn tí ó wúwo. Kì í ṣe òkè ni à ń kó ẹrù wúwo sí, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kí ó wó lu ọmọ ọlọ́mọ. A fi àbẹ́là pa abẹ́ wọn, wọ́n sì ń yọ̀ wọlé. Lórí rẹ̀ ni a fi gíláàsì bo pẹpẹ kan tí ó dagun díẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn mẹ́wàá tí ó lẹ́wà jù wà fún àlejò, ìyókù ń sinmi nínú òkùnkùn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ní ínǹṣì 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró nínú agolo tí a bu kẹrosíìnì sí. Ọwọ́ lè kọjá láàrin ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri. Kò kọjú sí oòrùn. Àwọn kéékèèké wà nínú páálí ìṣáná lórí òwú. Bí ẹ bá rí fọ́sìlì tí ohun kan ń dán lára rẹ̀ bí idẹ, irin àti imí-ọjọ́ ni; bí afẹ́fẹ́ tútù bá ń kàn án, yóò yí padà di omi kíkan gan-an, yóò sì fọ́ ara rẹ̀ àti páálí rẹ̀. Ẹ fi í sínú ìgò tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì kó àwọn àpò kékeré tí ń bẹ nínú páálí bàtà tuntun tì í, àwọn tí a kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ. Wọ́n ń fa omi.

Ní ti orúkọ, mo ti kọ́gbọ́n. Mo kun ojú kékeré kan lára òkúta ní ọ̀dà funfun, mo fi tàdáwà dúdú kọ nọ́ńbà sí i, gbogbo ìtàn rẹ̀ sì wà nínú ìwé ńlá. Ìwé náà jẹ́ méjì, ọ̀kan wà ní ilé ìwé, ọ̀kan wà ní ilé mi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni èyí. John Woodward, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 1728, fi àkójọ rẹ̀ tí ó sún mọ́ 10,000 sínú kọ́bọ́ọ̀dù márùn-ún tí a fi igi wọ́núọ̀tì kàn, wọ́n sì wà ní Yunifásítì Cambridge títí di òní. Ó tún pàṣẹ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé ẹni tí yóò máa kọ́ni níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìyàwó. Ọ̀rẹ́ mi ará Ṣàgámù, ẹ má ka ibí yìí sókè nínú ilé. Bí ẹ bá fẹ́ wo bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti ń tọ́jú nǹkan nítòsí wa, ẹ lọ sí ilé àkójọ nǹkan àdáyébá ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ má sì wọ kòtò òkúta kankan láìgba àṣẹ. Ọkọ̀ ńlá ibẹ̀ kì í rí ènìyàn kékeré.

Nígbà tí a parí kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo lọ mú Bàbá wá. Ó fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ kan jáde, ó tì í wọlé, ó tún fà á jáde. Ó wá bèèrè èyí tí àwọn 18 wà nínú rẹ̀. Mo fi dúrọ́ọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ hàn án. Ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju “Ewékorò” lọ. Ó jókòó sí orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn padà. Ó dé orí ìṣáwùrú kan tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́, ó dúró.

Ó ní, “Ọmọ mi, mú ìwé rẹ wá. Ọjọ́ tí òjò dá wa dúró ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ni mo rí eléyìí.”

Ó ku 17.